Ilé Tí Obìnrin Kan Ń Fi Ẹnu Jó

Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa ìdójútòfò ilé. Inṣọ́ránsì ni àwọn ènìyàn ń pè é lẹ́nu. Onílé á máa san díẹ̀díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́. Bí iná tàbí omi bá ba ilé náà jẹ́, ilé-iṣẹ́ á tún un ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti yé ènìyàn. Sísọ rẹ̀ ni kò rọrùn. Báwo ni ènìyàn ṣe máa dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé láàárọ̀ kùtù, kí ó sọ fún un pé, "Bí ilé yín bá jóná"? Kí ó tó sọ ọ́ tán, onílé á ti na ìka sí i. "Ilé ta ni? Ẹnu ẹ ò ní í ṣẹ! Gbé báàgì ẹ, jàre." Ilẹ̀kùn á sì padé gbàgà.

Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn lójú kò lóǹkà. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ gbàdúrà gígùn kí ó tó tì í. Ó ń rìn, bàtà ń jẹ, kò sẹ́ni tó rà. Lọ́jọ́ kan ó dúró níwájú olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà ti wà lára ilẹ̀kùn, ó bá yára yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ní ilé tèmi ni, sà. Ilé tèmi. Ká ní ó gbiná lọ́la."

Ọwọ́ olùkọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Àánú rẹ̀ ṣe é. "Háà, kò ní í gbiná, ọmọ mi. Wọlé, wá jókòó."

Ó wọlé. Ó fi ẹnu jó ilé ara rẹ̀ láti yàrá dé ilé ìdáná. Ó jó àjà, ó jó páànù, ó ku ògiri. Lẹ́yìn náà ó fi owó ilé-iṣẹ́ kọ́ ọ padà láti ìpìlẹ̀, ó kùn ún, ó so fèrèsé mọ́ ọn. Olùkọ́ fọwọ́ sí ìwé kí ó tó dìde.

Láti ọjọ́ yẹn kò tún fi ẹnu kan ilé onílé mọ́. Ilé tirẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ní òpópónà tí wáyà iná ti gbó, iná ló ń mú un. Níbi tí gọ́tà ti dí, omi ló ń gbé e. Níbi tí igi ńlá bá wà lẹ́bàá ilé, igi á wó lu tirẹ̀. Àwọn ènìyàn á máa bá a kẹ́dùn, wọ́n á sì máa rà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ilé-Tèmi nìyẹn. Bó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á pariwo pé, "Ilé-Tèmi ń bọ̀ o! Iná ni lónìí, àbí omi?"

Á ní, "Lónìí, ìjì ló ṣí i lórí."

Ohun kan wà tí wọn kò mọ̀. Ilé-Tèmi kò ní ilé. Yàrá méjì ló háyà lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ilé kan ṣoṣo tó lè pè ní tirẹ̀ ni ilé bàbá rẹ̀ ní òpópónà ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ń gbé. Òun ló máa ń rí lọ́kàn bó bá ń jó o: ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, fèrèsé ilé ìdáná tí kì í padé dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣe àga onítìmùtìmù. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fóòmù wà níbẹ̀ dé àjà, awọ wà níbẹ̀, aṣọ oríṣiríṣi wà níbẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á kó ìṣó wẹ́wẹ́ sẹ́nu, á sì máa bá ènìyàn jiyàn láìjẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Alága ni wọ́n ń pè é ní òpópónà, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni pé wọ́n dìbò fún un.

Ní ọdún tó kọjá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Alága gbé àga tuntun lọ fún oníbàárà kan lórí òkè. Wọ́n ní kó gba ẹ̀yìn wọlé. Bó ti ń gbé e bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ká ní láti yàrá iwájú ni iná ti bẹ̀rẹ̀, mà. Fóòmù ló kún ibẹ̀. Kí a tó ké, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ti lọ. Kí a tó rí omi pọn, àjà ti wá sílẹ̀."

Alága mọ ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Òun ló kùn ún. Àga bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ lára rẹ̀.

"Ilé ta ni?"

Ilé-Tèmi fò dìde. "Bọ̀dá mi, ẹ káàsán."

"Ilé ta ni, mo bi ọ́! Ilé bàbá wa lò ń fi ẹnu jó kiri ìlú?"

"Ọ̀nà iṣẹ́ ni, Bọ̀dá mi."

"Èmi tí mo wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Mo jáde, àbí mo jó mọ́ ọn?"

Ilé-Tèmi ronú díẹ̀. "Ẹ máa ń jáde."

"Máa ń! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti jáde?"

Obìnrin tó ni pálọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó fọwọ́ sí ìwé ìdójútòfò, ó sì ní kí wọ́n gbé àga òun lọ so lẹ́sẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣòfin lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ inṣọ́ránsì mọ́ nínú ilé bàbá wọn. Nígbà tí òjò dé, tí omi wọ ilé, òfin ṣì wà níbẹ̀.

Ilé-Tèmi pa òfin náà mọ́ títí di oṣù tí máníjà pe gbogbo wọn jọ sí ọ́fíìsì. Máníjà yìí kéré lọ́jọ́ orí. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í sì í bo òótọ́. Ìdí nìyẹn tí àyà wọn fi máa ń já bó bá pe ìpàdé.

Ó ní iṣẹ́ ìdójútòfò ilé ń yí padà. Ó ní tẹ́lẹ̀, àwọn tó yáwó kọ́lé nìkan ló ń rà á, tipátipá sì ni. Ní báyìí ayálégbé ń rà á fún ẹrù inú yàrá kan. Ó ní àwọn ènìyàn kò fẹ́ san ti ọdún lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, oṣooṣù ni wọ́n ń fẹ́, láti orí fóònù. Ó ní ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín sí ilé, tó sì ń kó gọ́tà rẹ̀, ohun tó máa san á dín kù. Ó ní lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á gbé ohun tó ń wọn òjò sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá ti kọjá àmì, owó á wọlé fún àwọn onílé kí wọ́n tó béèrè. Kò sẹ́ni tó máa wá wo ògiri.

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ṣùgbọ́n òjò ń le sí i," ni máníjà wí. "Omi ń gba ibi tí kì í gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń san fún omíyalé ti ju ti iná lọ. Nítorí náà, bí oṣù yìí bá parí, a ò ní í gba ilé tuntun mọ́ ní àwọn òpópónà ìsàlẹ̀. Àwọn tó ti wà nínú ẹ̀ á dúró. Àwọn tó wà níta á wà níta."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ilé-Tèmi wo ilẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ wà níta.

Máníjà gbé fóònù kan sórí tábìlì. Ó ní ilé-iṣẹ́ ti kọ́ fóònù ní èdè, yóò máa pe àwọn onílé fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó tutù, ó dún kedere: "Ẹ kú ọjọ́ o. Ṣé ilé yín ti jóná rí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ó sọ ọ́ gbàgà báyẹn?" Òmíràn ní, "Kò tiẹ̀ kí ìyàwó ilé!"

Ilé-Tèmi ní, "Máníjà, wọ́n á ju fóònù yìí sínú kànga."

"Ó ṣeé ṣe, mà," ni máníjà wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò ní í dùn ún."

"Àwa ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ wa ti tán nìyẹn?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

Ó dáa, kò purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ilé-Tèmi gba ìsàlẹ̀ lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìloro, ó ń rán aṣọ. Aránṣọ ni obìnrin yìí, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣín-ìn, ó sì máa ń dá a dúró bí ọ̀rọ̀ bá dùn.

"Akọ̀wé mi, ẹ káàbọ̀ o," ni ìyàwó wí. Bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. "Ojú yín fà ro. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyàwó wa, ṣé ọkọ yín wà nínú ilé?"

"Ó wà nínú fóòmù."

Alága wà lórí eékún, ó ń kan awọ mọ́ ìdí àga. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, àmì omi ọdún tó kọjá gùn láti igun dé igun, ó pọ́n bí ìpẹtà. Ó ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún jáde.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Ṣé ilé ṣì wà?" ni Alága wí láàárín ìṣó. "Mo kàn ń béèrè ni. Bó bá ti jó láàárọ̀ yìí, kí n mọ ibi tí mo jókòó sí."

"Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo bá wá. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yìí. Bí oṣù bá parí, wọn ò ní í gba ilé kankan níbí mọ́. Òjò ọdún yìí..."

"Kí ni òjò ọdún yìí fẹ́ ṣe?"

Ilé-Tèmi la ẹnu. Ẹnu náà kò rí ibi gbà. Kò lè sọ pé ilé yín. Kò lè sọ pé ilé tèmi. Ilé kan náà ni. Gbogbo ọgbọ́n tó fi ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá, kò wúlò ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yìí.

"Ká ní ilé ẹnì kan báyìí," ló wí níkẹyìn.

"Ta ni ẹnì kan báyìí? Ṣé ó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín níta. Ilé-Tèmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àbúrò mi," ni Alága wí, ó sì yọ ìṣó lẹ́nu tán pátá kí ọ̀rọ̀ náà lè wúwo. "Bàbá wa kọ́ ilé yìí, kò ra inṣọ́ránsì. Mo ń gbàdúrà lé e lórí láràárọ̀. Ẹni tó bá sanwó de aburú, ó ti fi àga sílẹ̀ fún un nìyẹn. Èmi ni mò ń ta àga, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ jẹun."

Ó fàáké kọ́rí. Ilé-Tèmi jáde wá jókòó ti ìyàwó. Kò lè jẹun. Ó ròyìn ìpàdé náà fún un, títí kan fóònù tó ń dá pe onílé.

Ìyàwó dá maṣín-ìn dúró. "Akọ̀wé, ẹ̀yin gan-an ni ìṣòro."

"Èmi kẹ̀?"

"Bí ẹ̀yin bá ní omi á wọlé, àbúrò rẹ̀ ló ń ṣépè fún un. Bí èmi bá sọ ọ́, ilé ló ti sú ìyàwó nìyẹn. Fóònù tí ẹ sọ yẹn, ta ló jẹ́ sí i? Kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pè é."

"Ìyàwó wa, á fọ́ fóònù mọ́ ògiri."

"Fóònù tirẹ̀ ni. Kò lè fọ́ ọ, ó mọ iye tó rà á."

Ilé-Tèmi kò fẹ́. Láti àná ló ti ń fi fóònù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Ó wo àmì omi lára ògiri láti ẹnu ọ̀nà. Ó fi nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, fóònù Alága dún. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ fóònù, ohùn náà sì bọ́ sí gbangba. Ìyàwó dá maṣín-ìn dúró ní ìloro. Ilé-Tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Láti ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò ni. Ṣé ilé yín ti jóná rí?"

Alága tu ìṣó sọ́wọ́. "Kí lo wí?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ilé yín ti jóná rí?"

"Orí ẹ ló máa jóná!"

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́! Kò jó rí, kò sì ní í jó láé!"

"Ẹ ṣeun. Ṣé olè ti kó yín lẹ́rù rí?"

"Ta ló bí ọ ná? Ta ló fún ọ ní nọ́ńbà mi?"

"Wọ́n fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé olè ti kó yín lẹ́rù rí?"

Alága wo ẹnu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ ń wá abẹ́rẹ́ kíkankíkan.

Ó yẹ kó pa fóònù. Kò pa á. Ó pẹ́ tí kò ti rí ẹni bá a jiyàn bó ṣe fẹ́. Gbogbo ẹni tó wà ní òpópónà ló ti sú; wọ́n á bá a débi kan, wọ́n á ní "Alága, ẹ ti borí," wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Kò rẹ èyí, kò bínú, kò sọ pé ó ti borí. Alága ṣépè, fóònù dúpẹ́. Alága pariwo, fóònù ní òun kò gbọ́. Alága fa àpótí kan, ó jókòó lé e. Ojú rẹ̀ ti ń là.

"Ṣé omi ti wọ ilé yín rí?"

Ó wo àmì omi lára ògiri. Alága lè ṣépè, kì í purọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

Ó dìde, ó fa téèpù, ó wọ̀n ọ́n lára ògiri. "Ó dé ìjókòó àga. Àga gidi o, kì í ṣe àpótí." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un: bí omi ṣe gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, bí fóòmù ṣe léfòó, bí òun àti ìyàwó ṣe gbé àga lé orí tábìlì, tí tábìlì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò ròyìn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ rí. Níta, abẹ́rẹ́ ti bọ́ kúrò lọ́kàn Ilé-Tèmi.

Fóònù jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Ẹ ṣeun. Ṣé ẹrù ẹlòmíràn wà nínú ilé yín, tí kì í ṣe tiyín?"

Alága yí ojú ká yàrá. Àga gígùn méjì ti dókítà wà lápá ògiri. Àga ọkọ-ìyàwó tuntun kan wà láàárín, wọn kò tíì jókòó lé e rí. Àga ìyá àgbà kan wà ní igun, tó ní kí wọ́n tún un ṣe ṣùgbọ́n kí wọ́n má pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, àga oníbàárà kan mu omi. Alága ra awọ àti fóòmù mìíràn, ó tún un ṣe, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó nìkan ló mọ̀.

Fún ilé tirẹ̀, ó lè gbàdúrà, kó sì sùn. Ta ló ní kó fi àga ìyá àgbà dúró de àdúrà òun?

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí a fi ẹrù àwọn oníbàárà yín kún un?"

"Ṣé ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni! Kí lo fi ń gbọ́ràn, ìwọ yìí?"

Ilé-Tèmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìloro. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí. Ilé ara rẹ̀ tó ń jó lójoojúmọ́ kò jẹ́ kó ráyè béèrè ẹrù ta ló wà nínú ilé onílé.

Ó ku fọ́tò. Fóònù ní kí Alága ya yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ògiri, àjà àti ilẹ̀ hàn, kó sì fi ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Alága ní kò burú. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà aláwọ̀ osùn, ó ní kí ìyàwó wá yà á. Ó dúró ní àárín yàrá kọ̀ọ̀kan, ó na ọrùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ilé ìdáná ó di ọmọrí ìkòkò mú. Ní ilé ìwẹ̀ pàápàá, ó dúró bíi ṣọ́jà. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Èsì dé: "A kò lè gba fọ́tò wọ̀nyí. Ènìyàn wà nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ilé nìkan."

"Kí n kúrò nínú ilé bàbá mi?" ni Alága ké.

"Fún fọ́tò ni, Bọ̀dá mi," ni Ilé-Tèmi wí. "Ẹ kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ilé tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀, ahoro nìyẹn. Mi ò ní í ya ilé bàbá mi ní ahoro fi ránṣẹ́ síbì kankan. Bí wọ́n bá fẹ́ ilé, èmi náà wà nínú ẹ̀. Bí wọn ò fẹ́ èmi, kí wọ́n máa lọ."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó gbìyànjú láti ya ilé náà nígbà tí Alága sùn lọ́sàn-án, ó jí. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń tán lọ. Kì í ṣe Alága nìkan. Ilé-Tèmi ti sọ fún gbogbo òpópónà pé wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti bá fóònù sọ̀rọ̀. Ibi fọ́tò ni wọ́n há sí. Wọ́n ní Alága sọ òótọ́, ta ló ń ya ilé òfìfo?

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù dé. Ilé-Tèmi wá, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Alága náà kò jiyàn. Ó ń parí àga kan, tirẹ̀ ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é fún ara rẹ̀, aṣọ búlúù ló fi bò ó. Ó kan ìṣó tó kẹ́yìn. Ó jìnnà sí i díẹ̀, ó wò ó. Ó gbé e sí àárín yàrá, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí àga.

"Yà á," ló wí fún ìyàwó.

"Kí ni kí n yà?"

"Èmi ni. Mo kàn dìde lọ mu omi ni."

Obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ìyàwó kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń gbé àga náà láti yàrá dé yàrá, fìlà wà lórí rẹ̀, Alága ń tò lẹ́yìn fóònù, ó ń pàṣẹ: "Sún un síwájú. Èmi kì í jókòó kọ ojú sí ògiri." Ògiri hàn. Àjà hàn. Àmì omi hàn kedere. Wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì dúró. Ìyàwó ń yí bọ́tìnnì kan lọ́wọ́.

Fóònù dún. Ilé-Tèmi kà á sókè: "A ti gba ilé yín wọlé, pẹ̀lú ẹrù àwọn oníbàárà yín."

Alága dìde. Ó lọ sí igun, ó nu eruku lórí àga ìyá àgbà pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ó ti di Alága padà. "Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ jókòó ṣe? Ṣé ọ́fíìsì yẹn ò ní í tì ni?"

Ó gbé àga lé orí, ó fi fìlà lé orí àga, ó jáde sí òpópónà. Ó kan ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé tirẹ̀. "Ẹ dìde! Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀!" Wọ́n ya ibẹ̀, ó gbé àga, ó di ilé kejì. Ilé-Tèmi ń sáré tẹ̀ lé e, bàtà lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo, "Alága, ẹ má yà sílé ìdáná wa o, ọbẹ̀ ò tíì jinná!" Wọ́n yà á títí ọ́fíìsì fi tì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, máníjà pe Ilé-Tèmi. Ó yí kọ̀ǹpútà sí i.

"Mà, ilé mọ́kànlá wọlé láti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àga búlúù kan náà wà nínú gbogbo wọn. Fìlà kan náà wà lórí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní oníjìbìtì ni wọ́n. Ta ló ni fìlà yìí?"

Ilé-Tèmi rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ó rí ojú máníjà, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ròyìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ohunkóhun, kò sì sọ pé fóònù kò dára. Ó ní fóònù ló ṣe ohun tí òun kò lè ṣe.

Máníjà gbọ́ ọ tán. Ó wo fọ́tò ilé ìwẹ̀ kan, àga jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fún ẹ̀rín. "Wọ́n wọlé kí oṣù tó parí," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mi ò ní í lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti fi ẹsẹ̀ lọ wo àwọn ilé náà, kó sọ fún kọ̀ǹpútà pé òótọ́ ni. Ṣé ẹ ó lọ, mà?"

"Ṣé irú iṣẹ́ yẹn máa pọ̀?"

"Níbikíbi tí ènìyàn bá ń gbé, á máa wà. Kọ̀ǹpútà ti kó ilé ogójì mìíràn jọ tí kò yé e."

Ó gba téèpù àti báàgì tuntun, ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó wo gọ́tà, ó wo páànù, ó wọn ibi tí omi dé. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kúrò. Ó fi ilé bàbá rẹ̀ ṣe ìkẹyìn. Alága wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ti dé fìlà.

"Oníṣẹ́ ìjọba," ló wí, "ṣé kí n jáde fún ọ ni, àbí kí n jókòó?"

"Ẹ jókòó, Bọ̀dá mi. Èmi lè wo ògiri láti ẹ̀yìn yín."

Alága jókòó sórí àga búlúù, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ilé-Tèmi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó tẹ orí téèpù mọ́ ògiri, ó ní kí ó bá òun di ìdí rẹ̀ mú.